Ta Ló Kọ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ Sórí Síídì?

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kó wọlé. Ẹni tó ń gbálẹ̀, kó jẹ́ kí ìgbálẹ̀ sinmi. Ọmọ tó bá fẹ́ sunkún, ẹ wá nǹkan fún un jẹ. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀: bí ẹ bá gbójú kúrò lára rẹ̀ díẹ̀, ó ti bọ́.

Síídì kan ni wọ́n bá lójú fèrèsé.

Òwúrọ̀ Sátidé ni, ní Òkè-Ìlá, nínú Adó wa níbí, nílé olóògbé Màmá Monínúọlá. Ọ̀rẹ́ mi ni Màmá. Ogójì ọdún la jọ kọrin nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti lé ní oṣù kan tí a sin ín, mo sì ń lọ kí àwọn ọmọ rẹ̀. Mo ń kọrin lọ lójú ọ̀nà bí ìṣe mi:

Ilẹ̀ mọ́ mi, ojú mi là,
Ẹsẹ̀ mi méjèèjì gbé mi dìde,
Kí ni n ó fi san án, Olúwa,
Bí kò ṣe orin?

N kò tíì parí rẹ̀ tí mo fi gbọ́ ohùn Olúwọlé. Olúwọlé ni àkọ́bí Màmá, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìntì.

"Màmá Adélékè! Ẹ yára! Ẹ wá wo nǹkan! Olè ti dá ẹrù padà!"

Èmi ni Màmá Adélékè. Mo gbá ìró mi mú, mo sáré wọlé.

Síídì funfun kan ló gbé lọ́wọ́, nínú ọ̀rá búrẹ́dì. Wọ́n fi yíǹkì dúdú kọ ọ̀rọ̀ méjì sí i lára: TI MÀMÁ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó sọnù kó lè yé yín. Nígbà tí àìsàn dá Màmá dùbúlẹ̀, wọ́n gba nọ́ọ̀sì kan, Ìdùnnúolúwa, ọmọ Ìjan, pé kó máa tọ́jú rẹ̀ nílé. Oṣù márùn-ún ló fi ṣe é. Màmá ní òun fẹ́ kọ orin sílẹ̀ fún àwọn ọmọ-ọmọ òun, kí ikú tó gba ohùn lẹ́nu òun. Olúwọlé ra rẹ́kọ́dà kékeré kan tí kò tóbi ju páálí ìṣáná méjì lọ. Nọ́ọ̀sì á tẹ̀ ẹ́, Màmá á kọrin sí i. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ fi rántí Màmá, tí gbogbo ilé péjọ láti gbọ́ orin náà, a wá rẹ́kọ́dà, a ò rí i. Nọ́ọ̀sì ló palẹ̀ yàrá Màmá mọ́. Olúwọlé kò bi ẹnikẹ́ni léèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ó gba ilé ìwòsàn tí ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́ lọ, ó pè é lólè níwájú ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà ní bí ó bá di ọjọ́ Ajé tí orúkọ ọmọ náà kò mọ́, kó má wulẹ̀ padà wá.

Ọjọ́ Ajé yẹn ku ọ̀túnla. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n bá pè lólè, ta ni yóò tún jẹ́ kó wọ yàrá aláìsàn òun?

"Ẹ ò rí i?" ni Olúwọlé ń wí. "Ẹ̀rí ọkàn ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Bí kì í bá ṣe òun ló jí i, báwo ló ṣe rí orin Màmá kọ sórí síídì?"

"O ti gbọ́ orin náà?"

"A fẹ́ gbọ́ ọ báyìí."

Ó ti síídì bọ inú ẹ̀rọ DVD abẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀rọ gbé e mì. Ó kùn hùnùnùn, ó yí i, ó tún un yí, ó wá kọ ọ̀rọ̀ kan sójú tẹlifíṣọ̀n. Ìwé mi kò kọjá ìwé orin, n kò lè ka gẹ̀ẹ́sì yẹn.

"Kí ló wí?"

"Ó ní kò sí síídì nínú òun."

"Irọ́ ńlá! Ṣebí ojú wa ló ṣe gbé e mì?"

Ìyá Dùnmínínú, ìyàwó Olúwọlé, yọ ọ́, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún, ó dá a padà. Ọ̀rọ̀ kan náà. Olúwọlé gbaná jẹ.

"Òfìfo ni! Ó fi wá ṣe yẹ̀yẹ́! Màá gbé e lọ bá ọ̀gá rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, màá ní ẹ̀rí rèé!"

"Bàbá, ẹ má sọ ọ́ nù o," ni Títílọlá wí láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì. Títílọlá ni ìyàwó Akínbọ́lá, àbúrò Olúwọlé. Tíṣà ni, èèyàn jẹ́jẹ́. "Bóyá kọ̀ǹpútà lè ṣí i."

Èmi ti fa fóònù mi yọ. Mo pe Àyọ̀kẹ́.

*

Àyọ̀kẹ́ fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, sájẹ́ńtì ni. Ó kúrú, ó sì ki. Bàtà dúdú ọlọ́pàá ló ṣì máa ń wọ̀ sábẹ́ ìró. Bí ó bá ń ronú, gúgúrú ló máa ń jẹ, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. Bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ yé e, ẹnu rẹ̀ á dúró.

Ó yí síídì náà wò. Ó gbóòórùn ọ̀rá búrẹ́dì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá Olúwọlé, ẹ bọ́ síwájú wa, ká lọ sí ṣọ́ọ̀bù Olúfúnṣọ́."

Olúfúnṣọ́ ní kọ̀ǹpútà mẹ́ta àti jẹnẹrétọ̀ kan tó ń kọ́ bí àgbàlagbà, nísàlẹ̀ àdúgbò. Orin ló máa ń kọ sórí síídì fún àwọn ẹlẹ́mọ́tò. Ó ti síídì wa bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, ó tẹ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ẹ̀yin màmá, síídì yín kò ṣófo o."

Mo fò sókè.

"Kí ló dé tí ẹ̀rọ ilé fi ní kò sí nǹkan?" ni Àyọ̀kẹ́ bi í.

"Màmá Sájẹ́ńtì, iyán ni ẹ̀rọ ilé máa ń jẹ. Iṣu tútù ni wọ́n gbé fún un. Ẹni tó ṣe síídì yìí kàn da orin sórí rẹ̀ bí ó ṣe wà nínú rẹ́kọ́dà, kò sè é, kò gún un. Àwa tí a fi iṣẹ́ yìí jẹun kì í ṣe báyẹn."

"Nítorí náà kì í ṣe oníṣọ́ọ̀bù ló ṣe é."

"Rárá o. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ni. Ó ṣe é nílé, tàbí níbi iṣẹ́."

"Ka ohun tó wà níbẹ̀."

Olúfúnṣọ́ kà á, èmi náà ń fi ìka tẹ̀lé e lójú gíláàsì, nítorí Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́:

1 Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́
2 Ọkọ Mi Kékeré
3 Bùsáyọ̀
4 Oore-ọ̀fẹ́
6 Nọ́ọ̀sì

"Ìkarùn-ún ńkọ́?" ni Àyọ̀kẹ́ wí.

"Kò sí níbí, Mà."

"Ṣí àkọ́kọ́."

Ha, ẹ̀yin èèyàn mi! Ohùn Màmá Monínúọlá jáde nínú àpótí méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ohùn tí a ti kó erùpẹ̀ bò, ó mọ́ bí omi òjò:

Dùnmínínú, ọmọ ọmọ mi,
Ẹsẹ̀ rẹ á délé ayọ̀,
Ibi tí wọ́n ti ń ka èèyàn méjì,
Wọn á kà ọ́ mọ́ wọn.

Ọlọ́kadà tó fẹ́ ra káàdì dúró. Obìnrin tó ń ṣe fọ́tò dáwọ́ dúró. Èmi ti ń jó, omijé ń bọ́ lójú mi. Olúwọlé di ògiri mú. Ṣùgbọ́n orin ìkẹfà ló kó gìrì bá gbogbo wa:

Ìdùnnú, ọmọ Ìjan,
Ọwọ́ rẹ tutù bí omi àmù.
Ìwọ tí o wẹ̀ mí tí o kò yọ ṣùtì,
Ojú kì yóò tì ọ́ láé.

Olúwọlé yọ fìlà, ó tún un dé.

"Ìyẹn kò ní kó má jí i," ló wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Bóyá torí orin tirẹ̀ gan-an ló ṣe jí i."

"Ta ló ń jẹ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́?" ni Àyọ̀kẹ́ bi í.

"Dùnmínínú, ọmọ mi àgbà. Jùwọ́n tó tẹ̀lé e ni Ọkọ Mi Kékeré. Orúkọ tí àwọn ìyàwó àbúrò mi ń pè wọ́n ni…" Ó lu itan. "Ayọ̀níkẹ́! Òun ló ní kọ̀ǹpútà! Ayọ̀níkẹ́ ni!"

"Ọ̀gá, ẹ rọra," ni Àyọ̀kẹ́ wí. "Láàárọ̀, nọ́ọ̀sì ni. Lọ́sàn-án, ìyàwó ni. Tó bá fi máa dìrọ̀lẹ́, èmi àti Màmá Adélékè ni yóò kàn."

*

Ayọ̀níkẹ́ ni ìyàwó àbíkẹ́yìn Màmá. Ọ́fíìsì ìjọba ló ń ṣiṣẹ́, ọkọ rẹ̀ sì wà l'Ékòó. A bá a lẹ́yìn ilé, ó ń sá aṣọ.

"Ayọ̀níkẹ́, o mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orin sórí síídì?" Àyọ̀kẹ́ kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

"Mo mọ̀ ọ́n, Mà. Ta ni ò mọ̀ ọ́n?"

"Èmi ò mọ̀ ọ́n," ni mo wí.

"Gbé kọ̀ǹpútà rẹ wá."

Ó gbé e wá. Ó pẹlẹbẹ bí àwo ìjẹun. Àyọ̀kẹ́ yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó dojú rẹ̀ délẹ̀.

"Ibo ni síídì ń gbà wọlé?"

Ayọ̀níkẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Kò ní ẹnu, Màmá. Àwọn tuntun kì í ní in mọ́."

"Èyí tó wà lọ́fíìsì yín ńkọ́?"

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Màmá Sájẹ́ńtì, èmi ni ẹ ń bi bẹ́ẹ̀? Èmi tí mo sunkún títí ohùn mi fi há nítorí pé mi ò gbọ́ orin Màmá? Ọjọ́ tí rẹ́kọ́dà sọnù, mo wà ní Àkúrẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ bi ọ̀gá mi. Àfìgbà tí mo dé ni mo gbọ́." Ó yíjú sẹ́nu ọ̀nà. "Eyínfúnjowó! Jọ̀ọ́, bu omi wá fún àwọn màmá. Inú ń bí mi, mi ò fẹ́ rìn."

Bùsáyọ̀, àbíkẹ́yìn Olúwọlé, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, gbé omi jáde pẹ̀lú ẹ̀rín. Eyín rẹ̀ funfun lóòótọ́.

Mo mu omi. Àyọ̀kẹ́ kò mu. Mo wò ó: gúgúrú wà lẹ́nu rẹ̀, ẹnu náà kò sì mì.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí fún mi, "ẹ wọ bàtà. A ń lọ sí Ìjan."

*

Inú ilé bàbá rẹ̀ la ti bá Ìdùnnúolúwa, ó ń bó ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ó ti rù. Ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà Kátólíìkì wà lọ́rùn rẹ̀. Bí ó ti rí bàtà Àyọ̀kẹ́, ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ ti wá mú mi, Mà?"

"Èmi? Owó ìfẹ̀yìntì ni mo ń jẹ, n kò mú ẹnikẹ́ni mọ́. Orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ Màmá Monínúọlá ni mo fẹ́ kí o kà fún mi."

Ó yà á lẹ́nu. "Àǹtí Dùnmínínú, Bùrọ̀dá Jùwọ́n, Bùsáyọ̀, Oore-ọ̀fẹ́."

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ńkọ́?"

"Ta nìyẹn?" Ó wo ara rẹ̀ láti òkè délẹ̀. "Àbí èmi ni ẹ ń bú, torí mo rù?"

Ẹ̀rín pa mí. Dùnmínínú wà ní Ìbàdàn, Jùwọ́n wà l'Ábújá. Àwọn méjèèjì kò wálé títí Màmá fi kú. Níbo ni nọ́ọ̀sì yóò ti gbọ́ ìnagijẹ wọn?

"Orin mélòó ni Màmá kọ?"

"Mẹ́fà. Ọwọ́ mi ni mo fi tẹ rẹ́kọ́dà."

"Ta ni ó kọ ìkarùn-ún fún?"

Ọmọ náà mú ọ̀bẹ rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gẹ́.

"Ìdùnnúolúwa, iṣẹ́ rẹ ló rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Orúkọ rẹ ni. Ta ni?"

"Mà, ẹ má bínú. Ohun tí mo bá gbọ́ lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn, ẹ̀bá ibùsùn ló ń gbé. Bí mo bá tìtorí kí n lè rí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ṣe, tí mo tú àṣírí aláìsàn, irú nọ́ọ̀sì wo ni mo fẹ́ padà lọ ṣe?"

Ìyá rẹ̀ kígbe: "Sọ ọ́, ọmọ yìí! Sọ ọ́ kí wọ́n fi ọ́ sílẹ̀!"

Kò sọ ọ́. Àyọ̀kẹ́ wò ó pẹ́, ojú rẹ̀ rọ̀. "Ó tó. Dídákẹ́ rẹ ti sọ fún mi pé ẹnì kan wà tí orin yẹn lè dójú tì, ó sì wà láàyè. Wọ bàtà rẹ, a jọ ń lọ sí Adó."

Nínú bọ́ọ̀sì, bí a ti ń gbọ̀n lórí kòtò, Àyọ̀kẹ́ fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, àbúrò ọkọ yín tó kú, kí lẹ máa ń pè é?"

"Akọ̀wé," ni mo wí. "Bẹ́ẹ̀ kò mọ A yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ àga."

"Kí ni orúkọ rẹ̀ gan-an?"

Mo la ẹnu. Orúkọ náà dé ibi ọ̀fun mi, ó dúró. Ogún ọdún tí ọkùnrin náà ti kú! Mo tún gbìyànjú. Kò jáde.

"N kò lè pè é," ni mo wí. "Mo bá a nílé. Ìyàwó ni mí."

Àyọ̀kẹ́ da gbogbo gúgúrú tó kù sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo mọ̀ pé ó ti parí.

*

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí gbogbo ilé jókòó ní pálọ̀: Olúwọlé àti Ìyá Dùnmínínú, Akínbọ́lá àti Títílọlá, Ayọ̀níkẹ́ àti Bùsáyọ̀. Ìdùnnúolúwa dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò fẹ́ wọlé. Olúwọlé kò wò ó lójú.

"Ẹni tó ṣe síídì yìí fẹ́ fara pamọ́," ni Àyọ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀. "Ká ní nọ́ńbà nìkan ló fi síbẹ̀ ni, n kì bá tí mọ̀ ọ́n láé. Ṣùgbọ́n ó kọ orúkọ. Ìka rẹ̀ tẹ̀lé ahọ́n rẹ̀. Ọ̀gá Olúwọlé, kí lẹ ń pe ọmọ yín àgbà?"

"Dùnmínínú."

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"Èmi tí mo bí i! Dùnmínínú ni."

"Nọ́ọ̀sì?"

"Àǹtí Dùnmínínú, Mà."

"Nítorí náà, ẹ fi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu ìyàwó ni. Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn tó ti wọlé, tó bá wọn sọ lórúkọ, orúkọ yẹn ni yóò máa pè é. Ṣé òótọ́ ni àbí irọ́?"

"Òótọ́ ni!" Èmi ni mo pariwo jù.

"Ẹ wá wo síídì. Ìnagijẹ méjì, orúkọ gidi méjì. Ẹni tó kọ ọ́ bá Dùnmínínú àti Jùwọ́n nílé yìí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe bí Bùsáyọ̀ àti Oore-ọ̀fẹ́. Ayọ̀níkẹ́, ọdún wo lo wọlé?"

"Ọdún kẹta rèé," ni Ayọ̀níkẹ́ wí. Ó dìde fùú. "Mo bá gbogbo wọn nílé! Eyínfúnjowó ni mo ń pe èyí!" Ó na ìka sí Bùsáyọ̀. "Ẹnu mi ò gbé orúkọ rẹ̀ rí!"

"Mo gbọ́ ọ lẹ́yìn ilé. Jókòó, ọmọ mi. Ìyàwó mìíràn kan wà tó wọlé nígbà tí Jùwọ́n ń rá kòrò. Òun ló wẹ Bùsáyọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Òun ló bí Oore-ọ̀fẹ́. Láàárọ̀ yìí, nígbà tí gbogbo ilé ní síídì ṣófo, òun nìkan ló mọ̀ pé kọ̀ǹpútà lè ṣí i."

Kò sẹ́ni tó wo Títílọlá. Ilẹ̀ ni gbogbo wa ń wò.

"Èmi ni," ni Títílọlá wí.

"Títí!" ni Akínbọ́lá pariwo.

"Èmi ni, Bàbá Oore-ọ̀fẹ́. Mo fẹ́ gbọ́ ọ ṣáájú gbogbo ayé, mo mú un wọ yàrá. Orin karùn-ún, èmi ni Màmá kọ ọ́ fún. Ó… ẹ jọ̀ọ́." Ó fọwọ́ bojú. "Mo rò pé wọn yóò gbé e síta níwájú gbogbo ẹbí, pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mo gbé e pamọ́. Mo ní mo máa dá a padà lálẹ́. Lálẹ́, wọ́n ti pe nọ́ọ̀sì lólè. Ẹnu mi kú. Mo fẹ́ pa orin yẹn rẹ́, mo bẹ̀rù pé bí mo bá tẹ ibi tí kò yẹ, gbogbo ohùn Màmá á lọ. Ni mo bá lo kọ̀ǹpútà ilé-ìwé wa, mo kó márùn-ún yòókù sórí síídì. Mo rò pé bí ẹ bá ti rí orin, ẹ ó fi ọmọ náà sílẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, síídì tún di ẹ̀rí mọ́ ọn lọ́rùn!"

Ó kúnlẹ̀ síwájú Ìdùnnúolúwa lẹ́nu ọ̀nà. "Àbúrò mi, mo jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ rẹ wọ́lẹ̀ nítorí ojú tèmi. Dárí jì mí."

Ó wọlé, ó gbé rẹ́kọ́dà wá láti inú àpótí aṣọ rẹ̀, ó fà á lé Àyọ̀kẹ́ lọ́wọ́. "Ẹ tẹ̀ ẹ́. Kí ó parí."

Àyọ̀kẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ohùn Màmá, pẹ̀lú ẹ̀rín nínú rẹ̀, pẹ̀lú ahọ́n Adó tí kò fi sílẹ̀ rí:

Títí gúnyán, ó gún kókó mọ́ ọn,
Kókó ńlá bí ẹyin awó.
Usu dára, odó dára, ọwọ́ ló kù.
Mo mi ìkíní, ó há mi lọ́fun,
Mo mi ìkejì, ó lù mí láyà,
Ẹ gbé ọmọ odó pamọ́
Kó tó pa ìyá ọkọ!

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará Èkìtì, ẹ̀yin lè ní kí ni ti kókó inú iyán. Àwa mọ̀ pé ìtìjú ìyàwó ni. Olúwọlé fún ètè rẹ̀ pọ̀. Ejìká Ìyá Dùnmínínú ń gbọ̀n. Akínbọ́lá ló kọ́kọ́ bú jáde, àfi bí ìgbà tí wọ́n bá ṣí omi. Ni pálọ̀ bá dàrú. Títílọlá fúnra rẹ̀, lórí eékún, bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé.

Ìdùnnúolúwa gbé e dìde.

"Àǹtí Títílọlá, ó ti di ti gbogbo ilé báyìí, mo lè sọ ọ́. Lọ́jọ́ tí Màmá kọ orin yìí, bó ṣe parí rẹ̀ ló ní kí n lọ bu iyán tó kù nínú abọ́ wá. Iyán tiyín ni. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fi ìka nu ọbẹ̀. Ó ní kókó yẹn ló jẹ́ kí òun mọ̀ pé òun ṣì ní eyín."

Ariwo tún sọ. Olúwọlé kò bá wa rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó yọ fìlà, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró níwájú ọmọ náà bí ọmọ ilé-ìwé tó pẹ́ dé.

"Mo jẹ̀bi rẹ," ló wí. "Mo kọ́ ọmọ fún ọdún márùndínlógójì pé kí wọ́n wádìí kí wọ́n tó dáhùn. Èmi ò wádìí."

"Ẹ pe ọ̀gá mi, sà," ni Ìdùnnúolúwa wí, jẹ́jẹ́. "Ibi tí ẹ ti pè mí lólè, ẹ sọ ọ́ níbẹ̀."

Ó pè é lójú gbogbo wa, ó sì jẹ́ kí fóònù pariwo síta. Ó sọ ọ́ láìfi nǹkan kan pamọ́: pé òun purọ́ mọ́ ọmọlọ́mọ, pé inú ilé òun ni rẹ́kọ́dà wà, pé òun ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé láti wá tún un sọ níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Ọ̀gá náà gbọ́ ọ tán.

"Ẹ sọ fún un kó wá lágogo méje," ló wí. "Kó wọ aṣọ funfun rẹ̀. Àwọn aláìsàn ti ń béèrè rẹ̀."

Mo dá orin tí n kò rò tẹ́lẹ̀:

Orúkọ tí wọ́n fi wọ́lẹ̀ ti dìde,
Ó gbọn eruku nù, ó dìde,
Ó wọ funfun, ó ń lọ síbi iṣẹ́,
Ta ló tún fẹ́ dá a dúró?

Wọ́n gbè é títí a fi dé ẹ̀yìnkùlé. Títílọlá ti gbé odó síta. "Lónìí," ló wí, "ẹ ó mọ̀ mí." Ayọ̀níkẹ́ mú ọmọ odó kejì, Ìyá Dùnmínínú mú ìkẹta, wọ́n ń gún un ní mẹ́ta-mẹ́ta, orin Màmá ni wọ́n sì fi ń gún un, "Usu dára, odó dára," Bùsáyọ̀ ń ta omi sí i. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́ ti ń hó lórí iná. Wọ́n gbé àwo àkọ́kọ́ fún Ìdùnnúolúwa lórí àga Màmá. Àyọ̀kẹ́ jẹ òkèlè tí n kò lè kà. Èmi bá kókó kékeré kan pàdé lábẹ́ àwo tèmi. Mo gbé e mì, mo dákẹ́.

Nígbà tí oòrùn wọ̀ dé orí òrùlé, kálukú ti ń gbé ikùn rẹ̀ lọ sílé. Ayọ̀níkẹ́ ń pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù, ó ń ròyìn, ó ń pariwo. Àyọ̀kẹ́ tú ìró díẹ̀ kí ó lè mí, ó gba ọ̀nà tirẹ̀. Akínbọ́lá wá ọlọ́kadà tó mọ ọ̀nà Ìjan dáadáa, Títílọlá di iyán àti ẹran sínú abọ́ fún ìyá nọ́ọ̀sì. A ní kí Ìdùnnúolúwa jókòó díẹ̀ sí i, ká tún kọrin. Ó rẹ́rìn-ín, ó gun ọ̀kadà. Ó ní ká má bínú, òun ní láti tètè délé: aṣọ iṣẹ́ òun wà nílẹ̀ tí òun kò tíì lọ̀.